Níbo ni ọmọ wà nínú àfojúsùn yìí?

Ìwé kan wọlé sórí fóònù mi ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ wà lára àwọn tí mo kọ́ kẹ́yìn kí n tó fẹ̀yìn tì. Èdè Yorùbá ló ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 báyìí, ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìbàdàn. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní kí tíṣà kọ̀ọ̀kan kọ àfojúsùn rẹ̀ lórí ìlò ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú kíláàsì fún táàmù tó ń bọ̀, kó sì mú un wá lọ́jọ́ Ajé. Ó kọ márùn-ún. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ kú alẹ́ sà. Ẹ dákun, ẹ bá mi fi bírò pupa yín àtijọ́ yẹn kàn án."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ṣe é ní gbangba, nítorí mo mọ̀ pé irú ìwé yìí wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni. Ó gbà, bí n kò bá ti ní dárúkọ òun tàbí ilé-ẹ̀kọ́ òun. Ohun tó kọ nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni. Èkíní: n óò máa lo pùròjẹ́kítọ̀, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èkejì: n óò dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀ fún kíláàsì mi, ibẹ̀ ni n óò sì máa fi iṣẹ́ àṣetiléwá sí. Ẹ̀kẹta: n óò sọ gbogbo nóòtì mi di PowerPoint kí táàmù tó parí. Ẹ̀kẹrin: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tẹ èdè Yorùbá. Ẹ̀karùn-ún: n óò kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo AI láti fi ṣètò ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yìn ín. Orí fóònù ló ti kọ ọ́, kò sì sí àmì ohùn kan tó ṣì nínú rẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bó ti yẹ kí inú àgbàlagbà dùn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wá fi àtàǹpàkò bo orúkọ ẹ̀rọ inú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo ń wo ohun tó ṣẹ́kù. Nínú èkíní, ohun tó ṣẹ́kù ni "ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀". Nínú ẹ̀kẹta, "kí táàmù tó parí". Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àfojúsùn òun nínú ilé ìdáná ni láti máa lo ìkòkò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ṣé ẹ ò ní bi í pé kí ló fẹ́ sè, ta ló sì fẹ́ jẹ ẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì gírámà mi ẹ ó rántí ohun tí mo máa ń ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe: ẹ wá olùwà, ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ wá àbọ̀. Nínú márààrún, "n" ni olùwà nínú mẹ́rin, tíṣà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ ló wà nípò àbọ̀, àbí ohun tí a fẹ́ sọ di ti ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹrin nìkan ni ọmọ ti jẹ́ olùwà gbólóhùn. Èyí kì í ṣe eré gírámà lásán o. Àfojúsùn tí ọmọ kò sí nínú rẹ̀ kò lè kùnà. Bí ó bá tan pùròjẹ́kítọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, tí ọmọ kankan kò sì mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti mú àfojúsùn rẹ̀ ṣẹ pátápátá. Wọ́n á fa ìlà síwájú rẹ̀ pé ó ṣe é. Ìyẹn ni wàhálà rẹ̀.

Wàhálà ọ̀hún kò sì kéré lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ó sọ fún mi pé inú fáìlì ni ìwé náà ń lọ, òun ni wọn yóò sì yẹ̀ wò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pinnu bóyá wọn yóò tún gbà á síṣẹ́ fún ọdún mìíràn. Nítorí náà, bí mo bá kọ́ ọ láti kọ àfojúsùn tó lè kùnà, mo ń kọ́ ọ láti fi iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ nìyẹn. Mo mọ èyí kí n tó mú bírò.

Ta ló kọ́ ọ láti máa kọ àfojúsùn? Èmi ni. Ẹ ó rántí ìwé kékeré tí Robert Mager kọ ní 1962, ẹ ó rántí Benjamin Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1956. Mo gbé wọn lé yín lórí bí ẹrù igi. "Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè…" "Mọ̀" kò dára, "yé" kò dára, nítorí a kò lè fojú rí wọn. "Dárúkọ", "tọ́ka sí", "tò lẹ́sẹẹsẹ" ló dára. Ẹ̀kọ́ náà kò burú. Ṣùgbọ́n bí fọ́ọ̀mù ni mo ṣe kọ́ yín, ohun tí ìsípẹ́kítọ̀ fẹ́ rí. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n ṣe yí orúkọ rẹ̀ padà kúrò ní àfojúsùn ẹ̀kọ́, tí wọ́n ní ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ń béèrè, ọmọ yọ kúrò nínú gbólóhùn, kò sì sí ẹni tó ṣàkíyèsí.

Mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan níbí. Ní àárín àwọn ọdún 1980, mo lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́nu TP ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìgbèríko. Ohùn ló fẹ́ kọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Gbólóhùn mẹ́ta péré ló kọ sójú bọ́ọ̀dù. Ó wá fa gángan yọ nínú àpò ìrẹsì tó wà lábẹ́ tábìlì, ó gbé e há abíyá, ó sì lu ọ̀kan nínú gbólóhùn mẹ́ta náà. Àwọn ọmọ ní láti sọ èwo ló lù. Ìlù, ẹ mọ̀, kì í pe kọ́nsónáǹtì, kì í pe fáwẹ̀lì. Ohùn ló ń gbé jáde. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò bá gbọ́ ohùn kò ní ibòmíràn tó lè sá sí. Nígbà tó lu ẹ̀ẹ̀kẹta, kíláàsì ti pa lọ́lọ́. Ẹnu gbogbo wọn ń jí gbólóhùn sọ lábẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó nàka. Ọmọkùnrin kan tó ti ń sùn láti ìgbà tí mo ti wọlé ló kọ́kọ́ gbà á.

Mo fún un ní C.

Nínú nóòtì rẹ̀ ó kọ ọ́ pé "akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ ohùn". Mo fi bírò pupa yí "mọ̀" po. Lábẹ́ ohun èlò ìkọ́ni, ó kọ "bọ́ọ̀dù àti ṣọ́ọ̀kì", kò kọ gángan, mo tún yọ máàkì nítorí ìyẹn. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà mo gbọ́ pé ó ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. N kò lè sọ pé C yẹn ló lé e lọ, n kò sì lè búra pé kò sí lára rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lẹ́nu TP, n kò tún rí ẹni tó lo ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ ni mo pè é. Ẹni tó bá rò pé ohun tó bá ní bátìrì nìkan ni ẹ̀rọ, kó lọ wo bí wọ́n ṣe ń fi ọsán fa awọ gángan kí ohùn tó lè gòkè kó sì sọ̀.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀kẹrin, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè fi fóònù tẹ èdè Yorùbá." Ṣebí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ tipẹ́. Ọmọ á gba fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á tẹ "e fun mi ni owo" sí ìyá rẹ̀, ìyá á sì fi owó ránṣẹ́, nítorí ìyá mọ ọmọ tó bí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lójú fóònù yẹn lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀wọ̀ tí à ń bù fún àgbà. Ẹni tí kò mọ ọmọ náà rí, tó ń ka ìwé tó kọ, kò ní ohun tí ìyá rẹ̀ ní.

Kì í ṣe àwọn ọmọ yìí ló dá àríyànjiyàn náà sílẹ̀. Láti ìpàdé 1875 ní Èkó, títí dé ìwé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ lórí àkọtọ́ ní 1965 àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, a ti ń bá ara wa jà lórí ohun tó yẹ kí á kọ àti èyí tí òǹkàwé lè fi ọgbọ́n orí mọ̀. Ẹ̀rọ sì ní ẹ̀bi tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ẹ̀rọ ní láti mú ẹ, kó tún lọ mú àmì òkè, kó wá gbé e lé e lórí. Àwọn ará Vietnam rí tiwọn gbà: ệ, tó ní fìlà lórí tó sì tún ní àmì nísàlẹ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ní. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àmì ohùn wa fi máa ń yọ́ kúrò lórí ẹ àti ọ nínú fọ́ǹtì mìíràn, tí yóò lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé. Ọmọ á rò pé òun ló ṣe é. Tíṣà tó bá mọ èyí á dán fọ́ǹtì wò kó tó wọ kíláàsì, kò sì ní fi ẹ̀sùn fọ́ǹtì kan ọmọ.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, títẹ̀ kọ́ ló le jù. Gboard, kíbọọ̀dù Google, ní Yorùbá. Ọmọ JSS 2 á mọ̀ ọ́n lò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì tún kọ́ tíṣà rẹ̀. Etí ni. Ọmọ tó mọ ibi tí àmì wà lórí kíbọọ̀dù, tí etí rẹ̀ kò sì mọ ohùn, yóò kàn máa wọ́n àmì ká bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀ ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe "rà". Nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Ọmọ tó jẹ́ ojú nìkan ló fi ń kọ̀wé yóò kọ "Òjó rà ìwé", kò sì sí ọmọ Yorùbá kan tó ń sọ bẹ́ẹ̀. "Òjó ra ìwé" là ń sọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó bá jẹ́ olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. Ẹ wá fi arọ́pò-orúkọ síbẹ̀, "Òjó rà á", ohùn ìsàlẹ̀ ti padà dé. Ẹnu ọmọ náà ti ń pa òfin yìí mọ́ kó tó wọ ilé-ìwé rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó sì wà láàárín ẹnu àti ọwọ́ ni etí.

Níbí gan-an ni fóònù ti wúlò, kì í ṣe fún títẹ̀, fún gbígba ohùn sílẹ̀ ni. Ọmọ á sọ gbólóhùn, fóònù á gbà á, ọmọ á gbọ́ ara rẹ̀. Ohùn ara ẹni jẹ́ àjèjì sí ẹni bó bá ti inú ẹ̀rọ jáde. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tiyín. Àjèjì yẹn ni a nílò, nítorí ó ń jẹ́ kí ọmọ fetí sí ohun tó ti ń sọ láìfetísí i láti kékeré. Mo wá kọ ẹ̀kẹrin rẹ̀ báyìí: "Kí ọ̀sẹ̀ kẹwàá tó parí, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò lè gbọ́ gbólóhùn mẹ́wàá tí òun fúnra rẹ̀ sọ sínú fóònù, kó fi àmì ohùn sí wọn lórí ìwé, kó sì ṣàlàyé, ó kéré tán, ibi méjì tí ohun tó kọ́kọ́ kọ kò ti bá ohun tó gbọ́ mu." Fóònù tíṣà nìkan tó o. Kò gba dátà, kò gba iná NEPA ju èyí tí yóò fi ṣáájì lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kó fún wọn ní gbólóhùn mẹ́wàá náà láìsí fóònù, kó ka iye sílébù tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbà, kó sì kó ìwé wọn pamọ́. Bí ọ̀sẹ̀ kẹwàá bá dé tí kò sí ìyàtọ̀, ọgbọ́n náà kò ṣiṣẹ́ nìyẹn, kó gbé e jù sílẹ̀, kó wá òmíràn. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè wa Praat sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Amsterdam ló ṣe é, ó máa ń ya ohùn bí ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀, ọmọ á sì fojú rí i. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ̀ yín, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Kì í ṣe tíṣà kan ní Ìbàdàn nìkan ló ń kọ àfojúsùn tí kò ní ọmọ nínú. Ìjọba náà ń kọ ọ́, ní lẹ́tà gàdàgbà. Ẹ rántí Ọpọ́n Ìmọ̀, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé jáde ní 2013, nígbà Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà ti ìjọba. Wọ́n ní 150,000 ọmọ ni yóò kàn. Ìwé tó lé ní àádọ́ta wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB àtẹ̀yìnwá. N kò sí lára àwọn tó fi í ṣe ẹlẹ́yà. Kí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè ra ìwé kan ṣoṣo ní ilé ìkàwé lódindi ní abíyá, nǹkan ńlá ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ rẹ̀. Orúkọ tó dùn ni, ó ń mú ọpọ́n Ifá wá síni lọ́kàn. Ọpọ́n Ifá kì í dá kọ́ni. Ìyẹ̀rosùn lè wà lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọwọ́ babaláwo ló ń tẹ odù síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló ń ki ẹsẹ̀. Ọmọ awo tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa wò, á máa gbọ́, á máa tún un sọ, fún ọdún púpọ̀. Nínú ohun tí mo kà nípa Ọpọ́n Ìmọ̀ nígbà náà, iye ọpọ́n, iye ìwé àti owó ìwé tí yóò dín kù ló hàn ketekete. Ohun tí tíṣà físíìsì yóò fi í ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ SS 2 ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni n kò rí. Ó jọ pé wọ́n ra ọpọ́n, wọ́n gbàgbé awo.

Kì í ṣe àwa nìkan náà. Ní Peru, wọ́n pín kọ̀ǹpútà One Laptop per Child fún àwọn ọmọ ìgbèríko. Àwọn olùwádìí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 319. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 15, àwọn tó gba kọ̀ǹpútà kò ta àwọn tí kò gbà á yọ nínú ìṣirò tàbí nínú èdè. Larry Cuban, onítàn ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sínú Teachers and Machines láti 1986 pé bí ó ti rí pẹ̀lú fíìmù nìyẹn, bí ó ti rí pẹ̀lú rédíò àti tẹlifíṣọ̀n: ìlérí á kọ́kọ́ dé, ẹ̀rọ á tẹ̀lé e, nígbà tó bá yá, wọ́n á ní tíṣà ló bà á jẹ́.

Ẹ wá fi èyí wé iṣẹ́ tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1970, Ife Six-Year Primary Project. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ. Ọmọ tí a bá fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí tíṣà tó dáńgájíá sì ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, ṣé yóò mọ̀wé ju ọmọ tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin lọ? Ọmọ ni olùwà, ẹ ṣe àkíyèsí. Ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí wọn yóò fi kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá kò sí, wọ́n sì jókòó, wọ́n kọ wọ́n. Àfojúsùn ló ṣáájú, ohun èlò ló tẹ̀lé e. Ó sì lè kùnà, nítorí kíláàsì mìíràn wà tí wọ́n ń fi wé e. Kò kùnà, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ló ṣe dáadáa jù. Ohun tí a fi èsì náà ṣe lẹ́yìn náà ni kí á má tíì sọ lónìí, kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà ru.

Èyí mú mi dé ẹ̀karùn-ún, AI. Mo dán ọ̀kan nínú wọn wò. Mo ní kó kọ ìpínrọ̀ kan fún mi lórí ọjà alẹ́. Yorùbá rẹ̀ ń dán yinrin, àmì ohùn kún inú rẹ̀ bámúbámú, ó sì ń ṣì í lọ láìbojúwẹ̀yìn. Ní ibì kan, ó sọ ìyá oníyán di ìyà oníyán. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Bí tíṣà bá fi èyí ṣètò ẹ̀kọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò, ó di ìyà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, tó pín in fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n máa fi bírò pupa lé ẹ̀rọ náà kiri, ọmọ di olùwà nìyẹn. Ní 2024, ní ìlú Benin ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ SS 1 lo AI lẹ́yìn àkókò ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Báǹkì Àgbáyé sì wádìí rẹ̀. Àwọn tó kópa ṣe dáadáa ju àwọn tí kò kópa lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìròyìn yẹn ránṣẹ́ sí mi pé AI ti borí, ẹ tún un kà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n dìídì fojú sùn, orí ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń mú lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, tíṣà sì wà níbẹ̀ tó ń tọ́ wọn sọ́nà.

Ti WhatsApp kò gùn. Mo bi í pé òbí mélòó nínú kíláàsì rẹ̀ ló ní fóònù tó ń gbé WhatsApp, tí dátà sì máa ń wà lórí rẹ̀ lálẹ́. Ó ní wọ́n ju ìdajì lọ díẹ̀. Nítorí náà, ibi tí iṣẹ́ àṣetiléwá máa wà ni ibi tí nǹkan bí ìdajì ọmọ kò lè dé. Kó fi ẹgbẹ́ náà bá àwọn òbí sọ̀rọ̀, kó máa kọ iṣẹ́ sójú bọ́ọ̀dù. PowerPoint ni mo fagi lé láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fagi lé èkíní náà, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ padà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ó dúpẹ́, ó ní òun ti gba ẹ̀kẹrin bí mo ṣe kọ ọ́, òun á sì fi ti AI dá àwọn ọmọ lára yá. Ó ní, "Ṣùgbọ́n sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fagi lé èkíní." Mo tún gbogbo ohun tí ẹ ti kà lókè yìí sọ fún un, pẹ̀lú ìkòkò àti ọbẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Ó wá ní ọmọ méjì wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá fèrèsé, tí wọn kì í rí ohun tí òun bá kọ sójú bọ́ọ̀dù. Kíláàsì kún, kò sí àyè láti gbé wọn síwájú. Òun ti sọ fún àwọn òbí wọn pé kí wọ́n gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò ojú, ọ̀kan ti ṣèlérí, èkejì ń wá owó. Ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ tan pùròjẹ́kítọ̀ ni ọ̀kan nínú wọn kọ́kọ́ nawọ́ láti kàwé. Kíláàsì pàtẹ́wọ́.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀ sí apá ọ̀dọ̀ wa, sà."

Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ ìyẹn sínú ìwé náà.

Ó ní, "Fọ́ọ̀mù náà kò béèrè ìyẹn, sà."

Ohun tó wà ní nọ́ńbà kìíní nínú èyí tó mú lọ fún wọn lọ́jọ́ Ajé nìyí, òun ló kọ ọ́, n kò fọwọ́ kàn án: "Lọ́jọ́ méjèèjì tí iná bá wà lọ́sẹ̀, àwọn ọmọ méjì tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé lẹ́yìn yóò lè ka ohun tí mo bá kọ, láìbi ẹni tó jókòó tì wọ́n."